Mo Tẹ̀lé Áàpù Mi Dé Bùákè

Ẹ̀gbẹ́dá

Láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo àdúgbò ń bi mí: kí ni mo mú bọ̀? N kò mú nǹkan kan bọ̀. Oúnjẹ àtíékè tí mo rà ní Àbíjàn ti kan kí n tó dé Ìyànà Ìpájà, mo sì dà á nù. Ìtàn nìkan ló kù lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ aṣọ, kó lọ bá àwọn oníṣòwò.

Iṣẹ́ áàpù ni mò ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba òpópónà Ìdímù kọjá mọ̀ mí: èmi ni obìnrin tó máa ń jókòó ti fèrèsé pẹ̀lú fóònù mẹ́ta níwájú rẹ̀, tí àwọn kan rò pé ó ń tún fóònù ṣe. N kì í tún fóònù ṣe. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú fóònù ni mò ń kọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sì ń kọ ọ́, kó lè ṣiṣẹ́ lórí Áńdíróìdì, kó sì ṣiṣẹ́ lórí àìfóònù. Àwọn tó ń polówó ọ̀nà iṣẹ́ yìí máa ń sọ pé èèyàn á kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á sì lò ó níbi gbogbo. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé níbi gbogbo náà ni yóò ti bàjẹ́, ọ̀tọ̀ sì ni bó ṣe máa ń bàjẹ́ níbì kọ̀ọ̀kan.

Ìdílé ìyá mi pọ̀, ó sì fọ́n ká. Ògbómọ̀ṣọ́ ni orírun wa, ṣùgbọ́n àwọn kan wà ní Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìkọ̀tún, àwọn kan wà ní Àbíjàn, àwọn tó pọ̀ jù sì wà ní Bùákè, láàárín gbùngbùn Kódífuà, níbi tí bàbá wọn àgbà ti lọ ta aṣọ tí kò sì padà mọ́. Mùsùlùmí ni wá. Tí ẹnì kan bá kú láàárọ̀, wọ́n á ti sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n ṣe áàpù kan fún ìdílé, tí ìròyìn òfò á fi máa dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣe é. Mo pè é ní Ìròyìn Òfò, kó má baà ṣòro láti mọ ohun tó wà fún. Gbogbo wọn gbé e sórí fóònù wọn, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá Súlè kú ní Bùákè. Òun ni ẹ̀gbọ́n àgbà fún ìyá mi. Àwọn ará ilé fi ìròyìn náà sórí áàpù, ọkàn wọn balẹ̀, wọn kò sì rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Láyé àtijọ́, wọn ì bá ti rán èèyàn lọ sílé Bàbá Làmídì, àbúrò olóògbé, tí ilé rẹ̀ wà ní apá kejì ìlú náà gan-an. Ṣùgbọ́n áàpù ti wà. Nírọ̀lẹ́, Bàbá Làmídì mú búrẹ́dì lọ́wọ́, ó ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ó bá àwọn èèyàn níbi tí wọ́n ti ń ká ẹní lẹ́yìn ìsìnkú. Ó gbé búrẹ́dì náà sójú fèrèsé, ó yíjú padà sílé. Láti ọjọ́ náà, kò gbé ìpè ẹnikẹ́ni nínú ìdílé mọ́, títí kan ti ìyá mi, tó jẹ́ àbúrò kan ṣoṣo tó kù fún un.

Mo dán áàpù náà wò lórí fóònù mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìròyìn wọlé, ó dún, ó tún gbọ̀n.

“Màámi, ó ń ṣiṣẹ́ o,” ni mo wí.

“Níbo ló ti ń ṣiṣẹ́?”

“Lórí fóònù mi.”

Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. “Kúdí, ṣé orí fóònù tìẹ ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ni?”

Kò sí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi tí kò tíì sọ gbólóhùn yẹn rí, pé ó ń ṣiṣẹ́ lórí tèmi, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n sọ ọ́ níwájú ìyá wọn.

“Bọ̀dá Súlè ti lọ,” ni ìyá mi wí. “Bọ̀dá Làmídì nìkan ló kù láyé tó mọ orúkọ tí ìyá wa fi ń pè mí. Tí òun náà bá lọ báyìí, tí a ò tíì bára wa sọ̀rọ̀ ńkọ́? Lọ tún nǹkan rẹ ṣe, jàre.”

Bí mo ṣe di ẹrù nìyẹn.

Ojú ọ̀nà

Nípa mọ́tò, ìwé ìrìnnà àti àwọn tó ń béèrè ìwé ìrìnnà, n kò ní sọ nǹkan kan. Ẹni tó ti gba ọ̀nà yẹn rí mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò gbà á rí kò ní gbà mí gbọ́.

Ní Kútọnu, n kò tíì di àjèjì. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ jókòó tì mí, ó ń sọ Yorùbá tó jọ ti ìyá ìyá mi, kò sì dánu dúró. Ó bi mí ní orúkọ, ó bi mí ní iṣẹ́, ó bi mí ní ọkọ. Mo dáhùn orúkọ àti iṣẹ́. Mo wá bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n fi fóònù rẹ̀ dán áàpù mi wò, nítorí fóònù náà ti dàgbà, irú rẹ̀ kò sí ní ọjà Èkó mọ́. Ó gbà. Nígbà tí áàpù ṣí, gbogbo lẹ́tà tó ní àmì lórí tàbí nísàlẹ̀ ti di àpótí kékeré. Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ di àpótí tán.

“Ṣé àṣírí ni ẹ ń kọ síbẹ̀ ni?” ni ìyá náà béèrè.

“Rárá, mà. Yorùbá ni.”

Ó wò ó pẹ́. “Bóyá ti Èkó nìyẹn,” ni ó wí, ó sì gba fóònù rẹ̀ padà.

Ohun tó fà á kò le. Mo ti gbà lọ́kàn ara mi pé kò sí fóònù tí kò ní lẹ́tà wa lára, ìgbéraga sì nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ Yorùbá sórí fóònù gbogbo ayé gbọ́dọ̀ di lẹ́tà rẹ̀ sínú ẹrù tirẹ̀, bí ẹni tó ń gbé ata lọ sílùú òyìnbó. Mo di í sínú áàpù náà kí a tó wọ Lómè.

Lómè ni mo ti wá di àjèjì pátápátá. Ebi ń pa mí, ẹnu mi kò sì wúlò. Mo nawọ́ sí ìkòkò kan, obìnrin olóúnjẹ náà bu ohun tó wà nínú ìkòkò kejì fún mi, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ṣe mí lóore. Ó dùn. N kò mọ ohun tí mo jẹ títí di òní.

Ní Gáná, wọ́n máa ń fi “ẹ jọ̀ọ́” ṣáájú gbogbo ọ̀rọ̀, títí kan èyí tí kò gba ẹ̀bẹ̀ rárá. Arákùnrin kan sọ fún mi pé, ẹ jọ̀ọ́, orí ìjókòó òun ni mo wà. Mo dìde kíá. Ọmọ Alímọ̀ṣọ́ bíi tèmi mọ ohun tí yóò ṣe tí wọ́n bá pariwo mọ́ ọn. Tí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́, ọgbọ́n tán nìyẹn.

Àbíjàn

Àbíjàn dà bí Èkó tí àgbàlagbà kan ti bá wí. Ọ̀sà wà níbẹ̀, afárá wà lórí ọ̀sà, èrò pọ̀ bí eéṣú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń dúró tí iná bá pọ́n. Anàgó ni wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá níbẹ̀, ì báà ṣe ará Ògbómọ̀ṣọ́, ì báà ṣe ará Èkìtì. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún onítakisí pé a yàtọ̀ síra wa, mo wá rántí pé n kò gbọ́ Faransé.

Búrọ̀dá Jímọ̀, àkọ́bí Bàbá Súlè tó kú, ló gbà mí sílé. Ẹ̀yà ara mọ́tò ló ń tà. Bí mo ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ilé hó yèè, “Bọnarifé!”, bí wọ́n ṣe ń kíni káàbọ̀ nìyẹn. Mo la ẹnu láti sọ ohun tó gbé mi wá. Ìyàwó Búrọ̀dá Jímọ̀ gbọ́wọ́ sókè.

“Omi,” ni ó wí.

Ó gbé omi fún mi. Mo mu ún. Mo tún la ẹnu, ó tún bu omi sí i. Ìgbà tó rí i pé mo ti fẹ̀yìn ti àga, tí èémí mi ti wálẹ̀, ló tó wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ló sì wá béèrè: “Ìròyìn?”

Àṣà ibẹ̀ nìyẹn, àwọn ará wa níbẹ̀ sì ti gbà á bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ wọn. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bi àlejò ní ohun tó bá wá kí ó tó mu omi, àlejò náà kò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n bá sì béèrè, kò ní já lu ọ̀rọ̀ náà. Yóò kọ́kọ́ ní kò sí ohun búburú, kí ó tó máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lójú èmi tí mo ti Ẹ̀gbẹ́dá wá, níbi tí a ti ń pariwo ìròyìn síra wa láti òdìkejì títì, ó jọ ìfàkókòṣòfò. Mo mu omi náà ṣá.

Wọ́n wá gbé àtíékè wá. Ẹ̀gẹ́ ni, bíi gàrí, àmọ́ wọn kì í yan án; ooru omi ni wọ́n fi ń sè é. Wọ́n kó ẹja díndín lé e, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti tòmátò tútù. Mo béèrè ọbẹ̀. Gbogbo ilé wò mí. Mo jẹ ẹ́ láìsí ọbẹ̀, nígbà tó di ọjọ́ kejì èmi fúnra mi ni mo lọ rà á.

Ní ṣọ́ọ̀bù Búrọ̀dá Jímọ̀ ni mo ti rí ohun tí mo rò pé òun ni mo wá wá. Mo fi ìròyìn kan ránṣẹ́ pé ìdánwò ni o, kò sẹ́ni tó kú. Ó dé orí fóònù àwọn kan, kò dé orí ti àwọn mìíràn. Púpọ̀ nínú àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú máa ń fẹ́ tọ́jú bátìrì, nítorí náà wọ́n á pa áàpù èyíkéyìí tí olówó wọn kò bá ṣí fún ìgbà díẹ̀. Áàpù òfò sì ni tèmi, kò sẹ́ni tó ń ṣí i ṣe fàájì. Nígbà tí ìròyìn bá fi máa dé, ẹni tó yẹ kó gbà á ti sùn lọ fọnfọn. Mo tún áàpù náà kọ kó lè máa bẹ fóònù pé kó má pa òun, mo sì fi han gbogbo wọn bí wọ́n ṣe lè yọ ọ́ kúrò lábẹ́ òfin bátìrì. Ìdánwò kejì dún lórí gbogbo fóònù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Inú mi dùn dẹ́yìn.

Búrọ̀dá Jímọ̀ kò rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbẹ́ bàbá mi ni mo wà ní Bùákè nígbà tí wọ́n dákẹ́,” ni ó wí. “Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ti fi ránṣẹ́. Mo rò pé Bàbá Làmídì ti rí i nìyẹn.”

“Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ó ti kúrò lọ́dọ̀ yín,” ni mo wí. “Kò túmọ̀ sí pé ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn.”

“O ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa.”

“N kò sọ, Búrọ̀dá.”

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára àkísà. “Máa lọ sí Bùákè. Àmọ́ má retí pé wọ́n á dá ẹ lóhùn o.”

Bùákè

Bùákè kò kánjú. Eruku pupa, igi máńgòrò, àwọn èèyàn tó ń kí ara wọn títí tí ẹsẹ̀ á fi máa ro ẹni tó ń dúró dè wọ́n. Wọ́n á bi ọ́ léèrè ilé, ọmọ, ara, oorun, wọ́n á tún padà sórí ilé. Èmi tí mo rò pé Yorùbá ló mọ ìkíni jù láyé, mo fi ìbẹ̀rù gba ilé Bàbá Làmídì lọ.

Mo bá bàbá náà ní ìjókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dárúkọ ara mi, mo dárúkọ ìyá mi. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, mo sì gbà pé ó ti tán. Àfi bí wọ́n ṣe jáde pẹ̀lú ife omi, tí wọ́n nà án sí mi, tí wọ́n sì jókòó padà. Mo mu ún. Ẹ̀yin ará ilé, bàbá yìí ti pẹ́ ní Bùákè ju ọjọ́ orí mi lọ. Àṣà ibẹ̀ ti wọ̀ wọ́n lára. Àlejò ti mu omi. Ó di dandan kí onílé béèrè. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn jà, tí wọ́n yí ojú sí apá kan, tí wọ́n yí i sí apá kejì.

“Ìròyìn?” ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn.

“Kò sí ohun búburú, Bàbá,” ni mo dáhùn, bí wọ́n ti kọ́ mi. “Àbúrò yín ní kí n kí yín. Mo sì fẹ́ wo fóònù yín.”

Ìyá Ráfátù, ìyàwó wọn, ló gbé e wá. Àìfóònù ni, ọmọ wọn tó wà ní Faransé ló fi ránṣẹ́. Ẹjọ́ bátìrì tí mo gbé bọ̀ láti Àbíjàn kò wúlò níbí. Mo fi ìdánwò ránṣẹ́. Tèmi dún. Tiwọn dákẹ́ bíi tẹni tó ni ín. Mo yọ áàpù náà kúrò, mo tún gbé e wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì dá a padà sí wọn lọ́wọ́. Fóònù béèrè ìbéèrè tí irú rẹ̀ máa ń béèrè. Wọ́n ní kí n túmọ̀ rẹ̀.

“Ó ń béèrè pé ṣé ẹ gbà kí Ìròyìn Òfò máa ránṣẹ́ sí yín.”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́,” ni Bàbá Làmídì wí, wọ́n sì tẹ “rárá.”

Mo wò wọ́n. “Bàbá, ẹ kọ̀ ọ́ ni?”

“Ta ló máa gbà á? Kí òfò máa wọlé wá? Ṣé orí mi dàrú ni?”

“Èmi náà kọ̀ ọ́ o,” ni Ìyá Ráfátù wí. “Kíá ni mo kọ̀ ọ́. Mo tún ṣàdúrà lé e.”

Mo pe ìyá mi ní Ẹ̀gbẹ́dá lójú ẹsẹ̀. “Màámi, ní ọjọ́ tí ẹ gbé áàpù náà wọlé, kí lẹ fún fóònù lésì?”

“Mo ní rárá ni. Àbí o fẹ́ kí n ní bẹ́ẹ̀ni?”

Gbogbo ìdílé, láti Ìkọ̀tún dé Bùákè, àwọn tí fóònù bi (àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú Àbíjàn kì í béèrè), àwọn àgbà pàápàá, wọ́n ti kọ̀ ọ́ tàdúrà-tàdúrà. Èmi nìkan ni mo tẹ “bẹ́ẹ̀ni” láìkà á, nítorí bí àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣe ń ṣe nìyẹn. Àìfóònù sì ní ìwà kan: tí o bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ní bi ọ́ mọ́. Òun àti Bàbá Làmídì bá ara wọn mu.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ bàbá náà lára. Wọ́n gbé fóònù sórí itan wọn. “Ṣé èmi ni mo wá ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀gbọ́n mi?”

“Rárá o, Bàbá. Bí mo ṣe béèrè ni kò dáa.”

“Kì í ṣe ti fóònù ló dùn mí,” ni wọ́n wí, ohùn wọn sì ti yí padà. “Wọn ò rán ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tó wà láàárín wa ò jìn, ọmọ kékeré ń rìn ín. Nígbà tí bàbá wa kú, ẹni tí wọ́n rán sí mi ò sọ pé bàbá kú. Ó ní kí n máa bọ̀ nílé. Mo mọ̀. Àmọ́ bí mo ṣe ń rìn lọ ni mo ń mọ̀ ọ́n, díẹ̀díẹ̀. Tí mo fi máa débẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti lè gbé e.”

Omijé bọ́ lójú mi, n kò sì mọ ibi tí mo lè nù ún sí. Láti Ẹ̀gbẹ́dá ni mo ti ń wá ohun tó bàjẹ́ nínú áàpù náà, ife omi sì ti wà lọ́wọ́ mi láti Àbíjàn. Áàpù mi kì í fún èèyàn lómi.

Mo jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, mo sì tún un ṣe. Mo pa orúkọ Ìròyìn Òfò rẹ́, mo sọ ọ́ ní Ilé. Kí fóònù tó béèrè ìbéèrè tirẹ̀, ojú ewé kan á kọ́kọ́ kí èèyàn, á sì ṣàlàyé pé àwọn ará ilé lè fẹ́ rí i. Tí ẹnikẹ́ni bá kú, kò ní dárúkọ òkú. Gbólóhùn kan péré ni yóò wọlé: *Ẹ pe ilé.* Ní Bùákè, Bàbá Làmídì tàbí Ìyá Ráfátù nìkan ni yóò sì máa tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rán ẹni tó máa fẹsẹ̀ rìn.

Mo yọ ti àtijọ́ kúrò, mo gbé tuntun wọlé, fóònù sì bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i pé ṣé wọ́n gbà kí Ilé máa ránṣẹ́ sí wọn.

“Ta ló ń kọ ilé?” ni wọ́n wí, wọ́n sì tẹ “bẹ́ẹ̀ni.”

Mo ní kí wọ́n pe ìyá mi. Wọ́n ní àwọn á pè é tó bá yá. Ìyá Ráfátù ṣẹ́jú sí mi pé kí n má tẹ̀ ẹ́ jù, ó sì lọ gbé oúnjẹ wá.

Ilé

Mo padà dé Ẹ̀gbẹ́dá, gbogbo ìdílé yọ ti àtijọ́ kúrò, wọ́n gba ẹ̀dà tuntun, wọ́n sì tẹ “bẹ́ẹ̀ni.” Bàbá Làmídì kò pè. Ìyá mi kò bi mí mọ́. Ó kàn máa ń gbé fóònù rẹ̀ sí ibi tí ojú rẹ̀ ti lè tó o.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Áńdíróìdì rẹ̀ àti àìfóònù mi dún pọ̀, ní ìṣẹ́jú kan náà. Gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ mi ló ń gbàdúrà fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. *Ẹ pe ilé. Láti Bùákè.*

Ìyá mi kà á. Ó wá ìborùn rẹ̀, ó bò ó mọ́rí, ó jókòó, ó sì na fóònù sí mi. Mo tẹ nọ́ńbà Bàbá Làmídì. Kò wọlé, nítorí gbogbo ìdílé ló ń pè wọ́n. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́. Àǹtí wa kan, ìbátan ìyá mi láti Ìkọ̀tún, ti dé ẹnu géètì, ẹkún ló fi wọlé, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì bára mu. Ìyá mi ń sọ lábẹ́nu pé òun mọ̀, pé òun mọ̀ pé á rí bẹ́ẹ̀, pé òun ò tíì bá a sọ̀rọ̀.

Ìpè wá wọlé.

“Ta nìyẹn?” Bàbá Làmídì ni, ara wọn dá ṣáṣá.

Ìyá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. “Bọ̀dá mi? Ta ló kú?”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Kò sẹ́ni tó kú.”

“Kí ló wá dé tí ẹ tẹ̀ ẹ́?”

“Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?” ni wọ́n béèrè. “Wọ́n ní ẹ pe ilé. Ṣé ó dìgbà tí ẹnì kan bá kú kí ẹ tó pe ilé ni?” Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Báwo ni, Àmọ̀kẹ́?”

N kò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé mi. Ìyá mi fi etí ìborùn bojú, ó bú sẹ́kún. Bàbá Làmídì dúró dè é. Àǹtí wa bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, mo sì lọ bu omi fún un.

Nígbà tó di ọ̀sán, Búrọ̀dá Jímọ̀ ránṣẹ́ sí mi láti Àbíjàn pé áàpù ti tún bàjẹ́ o, ó ti ń pe èèyàn láìsí òkú, kí n tètè wò ó. Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo wo gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. N kò tún nǹkan kan ṣe.